Ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ lójú fèrèsé l'Ékòó: ẹ wá bá wa dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Súrúlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Súrúlérè, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì la wà. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọn kì í lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, nítorí náà ìdí fèrèsé yàrá wọn ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Igi máńgòrò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin fèrèsé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹyẹ. Kí n tó gbé ògì wá láàárọ̀, wọ́n á ti máa ròyìn fún mi: ẹ̀ga ló kọ́kọ́ dé, àdàbà méjì ń lé ara wọn lórí wáyà iná, ọ̀kẹ́rẹ́ kan tún yọjú. Ó ń dùn mọ́ wọn ju tẹlifíṣọ̀n lọ, ojú wọn sì ti ń mọ́lẹ̀ sí i láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Kí ni mo lè ṣe tí ẹyẹ á fi túbọ̀ máa sún mọ́ tòsí? Màmá kò ríran jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n máa da oúnjẹ síta fún wọn, irú oúnjẹ wo sì ni? Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé kò ní wọlé wá gé wáyà jẹ? Lánlọ́ọ̀dù tún ti ń sọ pé òun máa gé igi náà nítorí ewé tó ń dí gọ́tà. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta

O kú ìtọ́jú ìyá, ọmọ mi. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ.

Fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ ná, omi ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ẹyẹ l'Ékòó: èso wà, kòkòrò wà, ààtàn wà. Omi tó mọ́ tí kò jìn ló ń wọ́n wọn, pàápàá láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Wá abọ́ amọ̀ pẹlẹbẹ kan, gbé e sí etí fèrèsé lábẹ́ òjìji, bu omi díẹ̀ sí i tí kò ní bo ẹsẹ̀ ẹyẹ tán, kó o fi òkúta kan sí àárín kí àwọn tó kéré rí ibi bà sí. Wọ́n á mu, wọ́n á wẹ̀. Sọ fún màmá kí wọ́n máa wo bí oníkálukú ṣe ń mu ún. Àdàbà á ti ẹnu bọ omi, á máa fà á lọ láì gbé orí. Àwọn yòókù á bù ú díẹ̀, wọ́n á gbé orí sókè kó lè ṣàn lọ sí ọ̀fun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, kódà lójú ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá mọ́.

Máa da omi náà nù láràárọ̀, kó o sì fọ abọ́ náà. Bó bá jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀fọn lo ń sìn yẹn.

Nípa àsìkò, má jẹ́ kí màmá rò pé ẹyẹ ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ bí irú kan bá dédé pòórá. Àwòdì tí ìrù rẹ̀ là ní méjì, tó máa ń yí po lókè ọjà, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lò lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, á dé, á kọ́lé, á pamọ. Bí òjò bá tún mú dáadáa, á kọrí sí òkè Ọya. Lékeléke náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀ níbí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá lójú ọ̀run lọ síbi tí wọ́n ń sùn, àwọn ọmọ àdúgbò wa ṣì máa ń na ọwọ́ sí wọn tọrọ èékánná funfun. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ohùn wọn.

Igún ni mi ò rí mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù kún fún un. Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti ka igún wa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tí ewu ìparun wọn le jù. Májèlé ń pa á, wọ́n sì ń pa á tà fún oògùn. Ẹni tó bá rí igún l'Ékòó, jọ̀wọ́ wá sọ àdúgbò àti ọjọ́ tó o rí i fún wa níbí.

Adéṣínà Akókà

Ẹ kú ìjókòó níbẹ̀ o, màmá. Bàbá, ẹ ṣeun sà, ọ̀rọ̀ omi yẹn ni ká di mú.

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ibi tí màmá jókòó sí ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fẹ́ gbé síta lọ. Ẹ má ti àga mọ́ fèrèsé. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ pa iná yàrá, ẹ fa kọ́tìnnì bo apá kan kí ẹ ṣí apá kejì sílẹ̀. Bí inú yàrá bá ṣókùnkùn ju ìta lọ, ẹyẹ kì í fẹ́ẹ́ rí èèyàn. Ohun tó ń lé e lọ ni kí ara sọ lójijì: ẹni tó kàn dìde fùú, ọwọ́ tó nà jáde láti fi ẹyẹ han ọmọ. Bí màmá bá ń jókòó síbì kan náà lójoojúmọ́, àwọn ẹyẹ orí igi yẹn á gbà wọ́n mọ́ra.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni oòrùn ń yọ l'Ékòó jálẹ̀ ọdún. Wákàtí méjì tó tẹ̀ lé e ló dára jù, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ tó gba ìgboro. Ọ̀sán gangan, gbogbo wọn á wọ abẹ́ ewé. Ó tún di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àfi lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀: bí ikán abìyẹ́ bá ti ń tú jáde nínú ilẹ̀, kò sí àsìkò tí ẹyẹ kò ní jáde. Àwòdì pàápàá á máa fi ẹsẹ̀ gbá ikán mú lófuurufú, á sì máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń fò lọ.

Tí ẹ̀ga bá ti wà lórí máńgòrò yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá ẹyẹ mìíràn kiri. Akọ ni èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, tí orí rẹ̀ dúdú tí ẹyinjú rẹ̀ pupa. Òun ló ń kọ́lé. Á bà sórí imọ̀ àgbọn tàbí imọ̀ ọ̀pẹ, á fi ẹnu gé etí ewé, á wá fò lọ pẹ̀lú rẹ̀ kó lè ya ní tẹ́ẹ́rẹ́. Á mú un wálé, á so ó mọ́ orí ẹ̀ka. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun. Inú òrùka yẹn ni yóò dúró sí tí yóò máa hun ilé yí ara rẹ̀ ká, ẹnu ọ̀nà á kọjú sí ilẹ̀. Bó bá parí, á rọ̀ mọ́ abẹ́ ilé náà, á máa ju ìyẹ́, á máa pariwo kí abo wá wò ó. Abo kì í kánjú. Á wọlé, á fi ẹnu fa ewé níbí, á fà á lọ́hùn-ún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ti lọ nìyẹn. Ilé tí ewé rẹ̀ bá ti gbẹ tí abo kankan kò gbà, akọ fúnra rẹ̀ ló máa tú u palẹ̀ kó tó hun tuntun. Nítorí náà bí ẹ bá rí ilé ẹ̀ga lábẹ́ igi, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe wọ́n níbi.

Kí màmá tún máa ṣọ́ ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń kọ yànràn, tí àyà rẹ̀ funfun. Kì í kọ́lé rárá. Inú ilé ẹ̀ga ló máa ń yọ́ yé ẹyin sí, kí ẹ̀ga lè bá a tọ́ ọmọ. Bí àwọn ẹ̀ga bá kóra jọ tí wọ́n ń lé nǹkan kan lọ tariwo-tariwo, ó lè jẹ́ òun.

Ìyá Ìbejì Yábàá

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń tọ́jú ẹyẹ lójú fèrèsé tèmi náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí oúnjẹ.

Àbúrò mi, oúnjẹ tó o bá gbé síta fún ẹyẹ lọ́sàn-án tí kò tán, eku ló máa jẹ ẹ́ lóru. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa, ní Borno, ara eku ló ti ń wá, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà ọ́. Fi ìwọ̀nba tí wọ́n á jẹ tán síta láàárọ̀, gbá ojú ibẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó àwo wọlé. Tọ́jú ọkà tó kù sínú ike onídèérí. Bó o bá rí ìgbẹ́ eku níbẹ̀ nígbà kan, dá oúnjẹ dúró fún ìgbà díẹ̀, omi nìkan ti tó wọn.

Ọkà bàbà àti jéró ló bá ẹ̀ga, àdàbà àti ológoṣẹ́ lára mu, ìrẹsì tútù náà kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Fún àwọn tó ń jẹ èso, irú ẹyẹ olórí dúdú aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń kọrin láti ìdájí yẹn, so ègé ìbẹ́pẹ tó pọ́n tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ irin fèrèsé. Bí ó bá ti ń kan, yọ ọ́. Má fún wọn ní búrẹ́dì, má fún wọn ní ohunkóhun tó níyọ̀ tàbí tó lépo. Búrẹ́dì á kún ikùn wọn láì fún wọn lókun, àwọn ọmọ inú ìtẹ́ ló sì máa ń jìyà rẹ̀, torí kòkòrò ló yẹ kí ìyá wọn máa gbé wá fún wọn.

Ọ̀kan tó kù: bí ẹyẹ bá kú sí bákónì, má fi ọwọ́ lásán gbé e. Bird flu wọ Nàìjíríà lọ́dún 2006, ó sì ti padà wá lẹ́yìn ìgbà náà. Fi ọ̀rá bọ ọwọ́, dì í sínú ọ̀rá méjì, fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ púpọ̀ ló kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sọ fún dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Àbẹ̀kẹ́ Súrúlérè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbé abọ́ omi síbẹ̀ láti àná. Àdàbà ló kọ́kọ́ débẹ̀ lóòótọ́, màmá sì pariwo pè mí láti yàrá: "Kò gbórí o! Kò gbórí!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tí mo sọ yẹn, àwọ̀ eérú ni, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ní òrùka-òrùka lára. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, á nà gbalaja sórí ẹ̀ka, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á so rọ̀. Ṣé ara rẹ̀ yá ṣá?

Ọmọ Ọdẹ Ìkòròdú

Ara rẹ̀ yá, mà. Oòrùn ló ń yá. Bí irú wọn ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi lẹ ní, kì í ṣe ìkún. Ìkún, ilẹ̀ ló ń gbé, ihò ló ń gbẹ́, ó sì ní ìlà funfun gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Bàbá mi ṣọdẹ kí ogbó tó dé, ọ̀nà tí wọ́n kọ́ mi láti rí ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo fi ń wò ó báyìí láì ta á níbọn. Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá, àmọ́ ti màmá yàtọ̀ torí àwọn àti ọ̀kẹ́rẹ́ jọ wà lókè ni. Bó bá rí èèyàn, á yí gba ẹ̀yìn igi, á dúró pẹ́kí síbẹ̀. Bí màmá bá fẹ́ rí i padà, kí ẹnì kan kàn gba ìsàlẹ̀ igi kọjá ní apá kejì jẹ́jẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á yí kúrò lọ́dọ̀ ẹni yẹn, ojú fèrèsé màmá ló máa yọ sí.

Bó bá ń ké gbá-gbá-gbá tó ń ju ìrù, ẹ má wo òun, ẹ wo ibi tó kọjú sí. Ológbò tàbí ejò tàbí àṣá wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti rí ejò lọ́nà yìí, ẹ ò ní fojú di igbe ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́.

Wáyà tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ jàre. Eyín iwájú rẹ̀ kì í yéé hù títí yóò fi kú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa gé nǹkan jẹ kí eyín má baà gùn jù. Ẹ gé ẹ̀ka tó sún mọ́ òrùlé kó jìn ní bíi mítà méjì sí mẹ́ta, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí gbogbo ihò abẹ́ òrùlé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dí i lọ́nà, á gé e. Àmọ́ kí ẹ tó dí ihò, ẹ rí i dájú pé kò sí ọmọ nínú ibẹ̀.

Bó bá wá ń jẹ ọkà tí ẹ gbé síta fún ẹyẹ tán, ẹ lọ ata gbígbẹ, ẹ pò ó mọ́ ọkà náà. Ata kì í ta ẹyẹ. Ohun tó ń jẹ́ kí ata ta èèyàn àti ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí lẹ́nu ẹyẹ, òun ló fi ń ṣa ata wẹ́ẹ́rẹ́ jẹ nínú oko tó sì ń tú irúgbìn rẹ̀ ká. Ọ̀kẹ́rẹ́ á tọ́ ọ wò, á fi í sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún atẹ́gùn o, kó má gbé ata náà bọ màmá lójú.

Ẹ má fi ọwọ́ bọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Bí ẹranko èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Alhaja Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ará mainland, ẹ ní máńgòrò. Àwa tí a wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́? Páánù ni mò ń wò láti fèrèsé mi, àti wáyà, àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síbẹ̀ mo ń rí wọn. Kannakánná tí àyà rẹ̀ funfun máa ń kó wáyà lọ sórí òpó yẹn láti fi kọ́lé, bí àwòdì bá sì gba ibẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì, akọ àti abo, á lé e títí dé etí ọ̀sà. Ẹyẹlé wà. Àwọn kéékèèké kan tún wà tó ń fò yíká lókè ilé láti òwúrọ̀ dalẹ́, mi ò rí i kí wọ́n bà rí. Ṣé alápàándẹ̀dẹ̀ nìyẹn?

Adéṣínà Akókà

Alhaja, ẹ wo ìdí rẹ̀ bó bá yí padà. Bí ó bá dúdú tí ìdí rẹ̀ funfun, tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, tí kì í sì bà sórí wáyà láé, ìyẹn kì í ṣe alápàándẹ̀dẹ̀ ti orí wáyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé kò lè dúró lórí wáyà, ara ògiri nìkan ló lè rọ̀ mọ́. Abẹ́ afárá àti abẹ́ òrùlé ilé gíga ni wọ́n ń kọ́lé sí, wọ́n á fi itọ́ lẹ ìyẹ́ àti koríko pọ̀. Èyí tó ń tò sórí wáyà ni alápàándẹ̀dẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń ti Yúróòpù la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá lo ìgbà òtútù tibẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń lé ní mílíọ̀nù kan tó ń sùn sójú kan náà.

Fèrèsé Ìdúmọ̀tà dára fún àwọn tó ń fò, mà. Àwa tí igi dí lójú kì í rí wọn tó yín.

Dékọ́lá Ìkòyí

Ilé onígíláàsì ni tiwa, ẹyẹ ń kọlù ú. Láàárọ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Yábàá

Dékọ́lá, ojú ọ̀run àti igi ló ń rí nínú gíláàsì yẹn, ó rò pé ọ̀nà ni. Àwòrán àṣá kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn kò ràn án lọ́wọ́. Ara gíláàsì lóde ni kó o ti ṣe àmì, kì í ṣe inú, kí àmì náà sì sún mọ́ra tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún ká gbogbo ojú gíláàsì, torí ẹyẹ á gbìyànjú láti gba àárín èyí tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O lè fi ọ̀dà funfun tó kán tótó ṣe é, tàbí kó o fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sorọ̀ níwájú rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà lóde náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èyí tó bá ṣubú tí kò kú, gbé e sínú páálí tó ní ihò, dé e, gbé e síbi tó dákẹ́. Má fún un lómi, má fún un lóúnjẹ, má máa ṣí i wò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, gbé e jáde síta, ṣí i. Ọ̀pọ̀ á fò lọ.

Tísà Òṣòdì

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tó ń fi rọ́bà ta ẹyẹ. Bí a bá kàn ń lé wọn, ìgbà tí a kò sí nílé ni wọ́n máa wá. Ní òpópónà wa, mo pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù, mo fún oníkálukú ní ìwé kékeré àti bírò, mo ní kí wọ́n máa kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí, ibi tó bà sí àti ohun tó ń jẹ. Ojú tí wọ́n fi ń wá ohun tí wọ́n máa ta ló wá di ojú tí wọ́n fi ń wá ohun tí wọ́n máa kọ. Wọ́n mọ ibi tí ìtẹ́ wà ju gbogbo wa lọ. Màmá Àbẹ̀kẹ́ nílò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ojú tirẹ̀ á máa ríran, ẹnu màmá á máa sọ orúkọ fún un.

Ìyàwó Ọgbà

Ẹ jọ̀ọ́, òwìwí kan ń wá sí ẹ̀yìn ilé wa lóru, ojú rẹ̀ funfun, igbe rẹ̀ burú. Àwọn ará ilé ní ẹyẹ àjẹ́ ni, pé kí a sọ ọ́ lókò.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta

Ẹ má sọ ọ́ lókò, ọmọ mi. Mo mọ ohun tí àwọn baba wa sọ nípa òwìwí, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo lè sọ. Eku ló ń bá yín pa. Bí ẹ bá wo abẹ́ ibi tó máa ń sùn sí, ẹ máa rí nǹkan dúdú tó rí róbótó tó ti gbẹ. Ẹ fi igi tú u, egungun eku àti irun rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, torí ó ń pọ èyí tí inú rẹ̀ kò lè lọ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa eku. Ẹ má sì da májèlé eku sílẹ̀ o, torí bí òwìwí bá gbé eku tó jẹ májèlé, òun náà á kú.

Lánlọ́ọ̀dù Ṣómólú

Lánlọ́ọ̀dù lèmi náà, kí n bá Àbẹ̀kẹ́ dá sí ti igi yẹn.

Ohun tó ń bí lánlọ́ọ̀dù nínú ni omi tó kún gọ́tà bí òjò bá rọ̀. Lọ bá a pẹ̀lú ohun tí ẹ máa ṣe, má lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ nìkan. Sọ pé ẹ̀yin ayálégbé á dá owó ra nẹ́ẹ̀tì onírin tí a ń tẹ́ sórí gọ́tà, ẹ ó sì máa gbá ewé lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Jẹ́ kó mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán tí igi yẹn ń gbà lára ògiri, bí wọ́n bá gé e, inú ilé ló máa wọ̀. Lẹ́yìn náà kó o wá sọ ti òfin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: l'Ékòó, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọgbà àti igi, kí a tó gé igi lulẹ̀, ẹni tí kò bá gbà á lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ìjọba tó ń ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbígbin igi kò ní gbóríyìn fún un.

Bó bá gbà kí a tọ́ ẹ̀ka, ẹ dúró kí máńgòrò so tán, kí ẹ sì yẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò bóyá ìtẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀ka tó lọ sọ́nà òrùlé ni kí ẹ gé. Èyí tó wà lójú fèrèsé màmá, ẹ fi sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Súrúlérè

Ọlọ́run á bù kún yín, sà. Mo bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ó ní òun á gbà kí wọ́n tọ́ ọ dípò kí wọ́n gé e lulẹ̀. Owó nẹ́ẹ̀tì gọ́tà náà, a ti ń dá a.

Mo tún fẹ́ ra bainókúlà fún màmá. Èwo ni kí n rà? Màmá sì ní kí n bi yín: àdàbà kan ń kó igi tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lóde yàrá wọn, ẹni tó ń tún un ṣe sì máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Adéṣínà Akókà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára. 8 ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan sún mọ́ni, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, òun ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ má ra 12 tàbí 20 fún àgbàlagbà. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ẹyẹ á máa jó nínú rẹ̀. Ẹ fún màmá ní ìrọ̀rí lórí tábìlì kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù yàwòrán, ẹ gbé ojú kámẹ́rà mọ́ gíláàsì fèrèsé gan-an, kí ẹ sì pa fíláàṣì.

Áàpù Merlin ti Cornell University ní Amẹ́ríkà ń fi àwòrán dá ẹyẹ mọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun tí màmá ń rí wúlò fún àwọn onímọ̀, ẹ máa fi áàpù BirdLasser ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project. Láti 2015 ni wọ́n ti ń kó ìròyìn ẹyẹ jọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ojú fèrèsé ní Súrúlérè sì wà lára ibi tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ti àdàbà yẹn: igi díẹ̀ péré ló máa kó jọ, ẹ lè máa rí ẹyin láti abẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Ẹyin méjì funfun. Akọ àti abo jọ ń sàba, wọ́n ń gba ipò ara wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi pa, ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ọmọ yóò fi fò. Láàárín ìgbà náà, kí màmá wo bí ọmọ ṣe máa ki ẹnu bọ ọ̀fun ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀. Nǹkan bíi wàrà kan wà tí àwọn méjèèjì ń pọ̀ jáde láti inú àpò ọ̀fun wọn, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì Yábàá

Bí kò bá tíì yé ẹyin, Àbẹ̀kẹ́, ní kí ọkùnrin náà wá lọ́la dípò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tún un ṣe tán kíákíá. Bí ẹyin bá ti wà níbẹ̀, sún un síwájú ní oṣù kan ààbọ̀. Ẹ má tan ẹ̀rọ náà títí dìgbà yẹn, ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé fún màmá. Wo inú rẹ̀ lónìí, kó o wá sọ fún wa.

Àbẹ̀kẹ́ Súrúlérè

Mo ti wò ó, mà. Ẹyin kan ti wà níbẹ̀. Mo ti pe ọkùnrin náà, mo ní kó má wá.